Alágbára Tó Mèrò

"Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ." Apá ọmọ ènìyàn ni àwọn baba wa rí tí wọ́n fi pa òwe yìí: ọ̀dọ́mọkùnrin tó lágbára láti gé ìrókò lulẹ̀, àmọ́ tí kò ronú ibi tí igi náà máa wó sí. Lónìí, apá irin ti dé àárín wa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí Adó sì di olú-ìlú, ariwo katapílà kò fi bẹ́ẹ̀ dákẹ́ mọ́ ní àárín gbùngbùn Èkìtì. Gírédà ń họ ilẹ̀, paylóódà ń bu yẹ̀pẹ̀ sí tipá, ẹ̀rọ awalẹ̀ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, kréènì ń gbé irin àti kọnkéré sókè. Afárá olókè àkọ́kọ́ ní Èkìtì, tí wọ́n kọ́ sí àárín Adó ní sáà kejì Gómìnà Ayọ̀délé Fáyóṣe, láàárín ọdún 2014 sí 2018, irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ la fi kọ́ ọ.

Bí apá bá ti wá tóbi tó báyìí, ó yẹ kí èrò ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè pé: ta ni ọ̀gá nídìí ẹ̀rọ ńlá? Ta ló yẹ kí á máa pè ní dáńgájíá?

Bí ẹ bá dé sáìtì, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yin òpèrétọ̀. Wọ́n á ní, "Ọwọ́ ẹ̀ yá." Wọ́n á ní, "Ó láyà, kò sí ẹrù tí kò lè gbé." Ìyára dára, ìgboyà sì níye lórí. Ṣùgbọ́n irin ò mọ ohun tó ń jẹ́ ikú, ẹ̀rù kì í bà á, kò lójú àánú. Ènìyàn tó ń darí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bá a bẹ̀rù, kó bá a ṣàánú. Ní tèmi o, àmì ọ̀gá ni pé ó mọ ìgbà tí òun ò ní gbé e. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ fún ìgbà díẹ̀ lè fa lífà kí ẹrù gbéra nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ìmọ̀ àti ìwà ló ń mú kí ènìyàn lè sọ pé, "Ẹrù yìí kò ní kúrò nílẹ̀ lónìí," kó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwa ará Èkìtì kò ní láti rin ìrìn àjò jíjìn kí á tó rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́. Ìrè-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, ni ilé Ògún Onírè. Ọdẹ, alágbẹ̀dẹ, awakọ̀, òpèrétọ̀: gbogbo ẹni tó ń fi irin jẹun ló mọ orúkọ rẹ̀, yálà ó ń bọ ọ́ tàbí kò bọ ọ́. Ìtàn tí wọ́n ń pa ni pé Ògún ti ojú ogun dé sí Ìrè lọ́jọ́ àjọ kan tó jẹ́ èèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fọhùn. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó rí agbè ẹmu nílẹ̀, ó gbé e, òfìfo ni. Ó kí àwọn èèyàn, wọn ò jẹ́ ẹ. Ó bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n dákẹ́. Ó gbà pé wọ́n fi àbùkù kan òun, inú bí i, ó fa idà yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Nígbà tó fi mọ ìdí tí wọ́n fi dákẹ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọ̀hún ló fi wọlẹ̀ lọ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ wo ìtàn yìí. Idà Ògún mú, apá rẹ̀ le, kò sì sí ẹni tó mọ irin jù ú lọ. Ibi tí nǹkan ti wọ́ ni pé ó fún ìdákẹ́jẹ́ ní ìtumọ̀ tí kò ní, ó wá jẹ́ kí irin ṣáájú ìwádìí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni jàǹbá ṣe ń ṣẹlẹ̀ nídìí kréènì. Òpèrétọ̀ wà lókè, ògiri bo ibi tí ẹrù ń lọ mọ́ ọn lójú. Ẹni tó ń fọwọ́ júwe fún un ti yíjú síbòmíràn. Òpèrétọ̀ ò gbọ́ nǹkan kan, ó wá rò pé bí ó ṣe pa rọ́rọ́ yẹn, kò séwu nìyẹn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí káàkiri ayé kì í gbà bẹ́ẹ̀. Òfin wọn ni pé bí òpèrétọ̀ kò bá rí ọwọ́ ẹni tó ń júwe mọ́, tàbí tí ohùn rẹ̀ bá já lórí rédíò, kí gbogbo nǹkan dúró lójú ẹsẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń júwe fún kréènì, kí àṣẹ má baà di méjì. Bó bá na ìka sókè tó ń yí i po, ó ní kí wọ́n gbé e sókè nìyẹn. Bó bá na ìka sílẹ̀ tó ń yí i po, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ni. Bó bá na apá méjèèjì gbọọrọ, tó dojú àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, tó ń jù wọ́n síwá sẹ́yìn, kí wọ́n dúró kíákíá ni. Àṣẹ "gbé e" ti ẹnì kan ni, ṣùgbọ́n àṣẹ "dúró" ti gbogbo ayé ni. Bíríkìlà lè pa àṣẹ náà, ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá lè pa á, ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà sáìtì náà lè pa á bó bá rí ewu, òpèrétọ̀ sì gbọ́dọ̀ gbọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn àgbà sì tún sọ pé àìlèfọhùn ní í ṣáájú orí burúkú. Sáìtì tí ọmọ iṣẹ́ ti ń bẹ̀rù àtikígbe nítorí kí ọ̀gá má baà bú u, orí burúkú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀kùn ibẹ̀.

"Àṣejù, baba àṣetẹ́." Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni òwe yìí ń bá wí jù lọ nídìí kréènì. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kréènì tí wọ́n kọ tọ́ọ̀nù 50 sí lára á gbé tọ́ọ̀nù 50 níbikíbi tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìgbà tí apá rẹ̀ bá kúrú, tí ẹrù sì sún mọ́ ọn tímọ́tímọ́, ni ìwọ̀n yẹn wà fún. Ẹ gbé garawa omi mọ́ àyà, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ni yín lára. Ẹ wá na apá tán pẹ̀lú garawa kan náà, kí ẹ wo bí apá yóò ṣe máa gbọ̀n. Ẹrù tọ́ọ̀nù 5 tó jìnnà sí àárín kréènì ní mítà 4, ìsọdipúpọ̀ ìwọ̀n rẹ̀ àti jíjìn rẹ̀ jẹ́ 20. Bí ẹrù kan náà bá lọ dé mítà 10, ó di 50. Ẹrù ò yí padà, síbẹ̀ agbára tó fẹ́ dojú ẹ̀rọ náà bolẹ̀ ti di ìlọ́po méjì àbọ̀. Nítorí èyí ni àwọn tó ṣe kréènì fi ń fi àtẹ ìwọ̀n sínú yàrá òpèrétọ̀, tó ń sọ iye tí apá yìí lè gbé ní ibi báyìí àti ní ibi báyìí. Ẹni tí kò lè ka àtẹ yẹn, kò tíì tó ẹni tí à ń fi kréènì lé lọ́wọ́, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó.

Ó sì yẹ kó mọ ohun tí ẹrù fúnra rẹ̀ wúwo tó. Kọnkéré onírin tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó ga ní mítà 1, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀. Ẹni tó bá mọ èyí lè ṣírò òpó tàbí pèpéle kí wọ́n tó so okùn mọ́ ọn. Okùn náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí okùn méjì tí a fi so ẹrù bá nà sókè dáadáa, tí wọ́n wà ní dígírì 60 sí ìbú ẹrù, ohun tí okùn kọ̀ọ̀kan ń gbé á lé díẹ̀ lórí ìdajì ẹrù náà. Bí wọ́n bá tẹ́ títí dé dígírì 30, okùn kọ̀ọ̀kan ń fara da ìwọ̀n odidi ẹrù náà. Okùn tó gbé e láàárọ̀ láìséwu lè já lọ́sàn-án lábẹ́ ẹrù kan náà, nítorí bí wọ́n ṣe so ó nìkan. Ọgbọ́n ju agbára lọ, ohun tí òwe yẹn ń sọ nìyí ní ojú sáìtì.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ilẹ̀ ló kàn. Ilẹ̀ Èkìtì a máa tan àlejò jẹ, a sì máa tan onílé pẹ̀lú. Ẹni tó bá wo àpáta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, tó wo òkè àti àpáta tó yí Adó ká, á rò pé orí òkúta ni gbogbo ilẹ̀ wa wà. Àmọ́ láàárín àpáta sí àpáta, yẹ̀pẹ̀ pupa ló pọ̀ jù: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó le bí ẹni pé ọkọ́ ò lè ràn án, bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ó di ẹrọ̀fọ̀. Nínú ìgboro, ṣáláńgá àtijọ́ wà lábẹ́ ilẹ̀, kànga tí wọ́n ti dí wà níbẹ̀, kòtò omi ìdọ̀tí náà wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kréènì ń nà sílẹ̀ kó tó gbé ẹrù kì í mọ ohun tó wà lábẹ́. Òpèrétọ̀ tó mọṣẹ́ á bi onílé léèrè, á na ẹsẹ̀ náà tán, á fi pákó tó nípọn tàbí irin pẹlẹbẹ tẹ́ abẹ́ wọn, á wò ó bóyá ẹ̀rọ dúró gún régé. Bí ẹrù bá ti gbéra díẹ̀ nílẹ̀, á dá a dúró, á wo ẹsẹ̀, okùn àti bíréèkì kó tó máa bá a lọ. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ń gun igi.

Ohun tí mo ń sọ yìí kan àwọn ẹ̀rọ yòókù náà. Ẹ̀rọ awalẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ etí kòtò tó ń gbẹ́ ju bó ti yẹ lọ, nítorí etí kòtò a máa ya lulẹ̀ láìkìlọ̀. Kò yẹ kí ènìyàn dúró síbi tí ìdí rẹ̀ ń yí dé, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí wọ́n fi abọ́ rẹ̀ gbé òṣìṣẹ́ gòkè. Paylóódà tó ń fẹ̀yìn rìn kì í rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tipá tó ti da yẹ̀pẹ̀ tán, tí kò sọ ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀ kó tó gbéra, wáyà iná ló ń wá kiri.

Ọ̀rọ̀ wáyà iná gba àmójútó gidi ní Adó, níbi tí iná ti ń kọjá lórí ilé àti títì. Ẹ̀rọ kò ní láti fara kan wáyà alágbára kí iná tó fò sí i. Nítorí náà, kí apá kréènì jìnnà sí wáyà dáadáa, tàbí kí wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ mànàmáná wá pa iná kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kan wáyà pẹ́nrẹ́n, kí òpèrétọ̀ jókòó sínú rẹ̀ títí wọn yóò fi pa iná, kí ẹnikẹ́ni má sì sún mọ́ ọn. Bó bá di dandan kó jáde, bóyá nítorí pé ẹ̀rọ ti ń jóná, kó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó fò, kí ara rẹ̀ má ṣe kan ẹ̀rọ àti ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn àgbà ní, "Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn." Gbogbo ohun tí a bá ń ṣe ló ní ìgbà tirẹ̀, gbígbé ẹrù sókè náà sì ní ìgbà tí a kì í ṣe é. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ lọ́dọ̀ wa ń ṣí òrùlé ilé ìwé àti ti ilé ìjọsìn. Ìjì bẹ́ẹ̀ kò ní ṣojú sàájú apá irin tó ga ju ilé lọ. Ìwé ìlò kréènì kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ìwọ̀n atẹ́gùn tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró bó bá ti dé. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, kréènì ńlá kan ṣubú sórí Mọ́sáláṣí Ńlá ní Mẹ́kà nínú ìjì, nígbà tí àwọn àlàájì ti ń péjọ fún iṣẹ́ Hájì. Ẹni tó kú lé ní 100, àwọn tó fara pa jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ìwádìí ìjọba Saudi Arabia fi hàn pé wọ́n fi apá kréènì náà sílẹ̀ sókè, bẹ́ẹ̀ ìwé ìlò rẹ̀ ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ bí wọn ò bá lò ó tàbí bí atẹ́gùn bá le. Kréènì náà ò gbé ẹrù kankan lọ́jọ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni ò sì ṣe àṣehàn. Ohun kékeré tó yẹ ní ṣíṣe ni wọn ò ṣe. Bí a bá gun ẹṣin, ilẹ̀ là ń bọ̀. Apá tí a bá nà sókè, kí á rántí sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, kò sì sí ìdí tí Adó fi gbọ́dọ̀ dúró de kòtò tirẹ̀.

Nàìjíríà ò ṣaláìní òfin lórí ọ̀ràn yìí. Òfin Ilé-Iṣẹ́ ọdún 1987 ní kí ẹni tó ní ìmọ̀ yẹ kréènì wò fínnífínní, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 14. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀wọ̀n àti okùn tí a fi ń gbé ẹrù wò lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 6, kí wọ́n sì kọ ìwọ̀n tí ẹ̀rọ lè gbé sí i lára kedere. Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ọdún 2010 mú kí agbanisíṣẹ́ máa dá owó sínú àpò tí a ó fi tọ́jú ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ owó ẹ̀san ò lè ra ẹsẹ̀ tuntun, ayẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù 14 ò sì lè rí okùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú lánàá. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Láràárọ̀, kí òpèrétọ̀ tó tanná sí ẹ̀rọ, kó yí i ká: kó wo okùn irin bóyá fọ́nrán rẹ̀ ti ń já, kó wo ìkọ́ bóyá ìdè ẹnu rẹ̀ ṣì ń padé, kó wo táyà, bíréèkì àti ibi tí ọ́ìlì bá ti ń jò. Agogo tó ń dún bí ẹrù bá ti pọ̀ jù, kó má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ẹni tó gé wáyà agogo náà nítorí pé ariwo rẹ̀ ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, onílé tó pa ajá rẹ̀ kí olè tó dé ni.

Mo mọ ohun tí òpèrétọ̀ máa sọ. Á ní òun kọ́ ló ni ẹ̀rọ. Á ní wọ́n háyà rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ ni, owó ń lọ, ẹ́ńjíníà ń pariwo, agbaṣẹ́ṣe ń sọ pé bí iṣẹ́ ò bá pẹ́ni, a kì í pẹ́ iṣẹ́. Á ní bí òun bá kọ̀, ẹlòmíràn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tó máa gbà á. Òótọ́ ni, ó sì nira. Ìdí nìyí tí ẹrù yìí ò fi lè wà lórí rẹ̀ nìkan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Agbaṣẹ́ṣe tó fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ní kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjíníà tó rí ìjì tó ń bọ̀ tó ní kí wọ́n ṣe kíá, ìjọba tó gba iṣẹ́ láìbéèrè ìwé ẹ̀rí àwọn tó ṣe é, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ní ọjà náà. Bí ọmọ ọjà bá fara pa, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ò sí níbẹ̀.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ fi ń di òpèrétọ̀ lọ́dọ̀ wa ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀: wọ́n á fọ ẹ̀rọ, wọ́n á fi gírísì sí i, wọ́n á máa wo ọwọ́ ọ̀gá. Mi ò ní bẹnu àtẹ́ lu ìyẹn, nítorí ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni àwọn baba wa fi kọ́ gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ tí a fi ń yangàn. Ṣùgbọ́n nílé alágbẹ̀dẹ, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í gba òmìnira kí ọ̀gá tó rí i pé ó tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Àwọn àgbà ní, bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni. Kí ọ̀gá kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìwọ̀n, ní ilẹ̀, ní atẹ́gùn, ní wáyà, kó sì jẹ́ kó dán an wò níwájú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Adó ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe ti Ìjọba Àpapọ̀, ó ní yunifásítì. Ìlú tó ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ìlú tí ènìyàn ti ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn kọ́ kréènì.

Ní ti ẹ̀mí ẹlòmíràn, Adó ti ní àwòkọ́ṣe: ọmọ Adó ni Adékúnlé Fájuyì, ìlú náà sì fi ọgbà ìrántí dá a lọ́lá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966, òun ni gómìnà ológun ní Ìwọ̀-Oòrùn, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà nígbà náà, sì jẹ́ àlejò rẹ̀ n'Íbàdàn nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ dé. Ìtàn tí Yorùbá ń sọ nípa rẹ̀ ni pé kò gbà láti yọwọ́ lọ́ràn ẹni tó wọ̀ sábẹ́ òrùlé rẹ̀. Wọ́n jọ mú wọn ni, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Ohun tó mú kí orúkọ rẹ̀ máa tàn di òní ni pé ó gbà pé ẹni tó bá wà lábẹ́ ààbò òun, ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun. Ẹni tó ń kọjá lábẹ́ apá kréènì, àlejò òpèrétọ̀ ni. Kò mọ̀ ọ́n, kò rí ojú rẹ̀, síbẹ̀ ó gbà á gbọ́. Ọlọ́kadà tó ń sáré lọ, ọmọ ilé ìwé tó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, ìyá tó ń lọ sí Ọjà Ọba, gbogbo wọn ló fi ẹ̀mí wọn sí ìkáwọ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹrù kì í kọjá lórí ènìyàn. Ọ̀nà la kọ́kọ́ ń dí, ènìyàn la kọ́kọ́ ń kó kúrò, kí ẹrù tó gbéra. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

A ń kì ìpínlẹ̀ wa ní ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ. Iyì tí à ń sọ yẹn ní láti dé orí àga òpèrétọ̀. Kí á yí bí a ṣe ń yìn wọ́n padà. Bí òpèrétọ̀ bá sọ apá kréènì kalẹ̀ nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, kí agbaṣẹ́ṣe sanwó ọjọ́ náà fún un tayọ̀tayọ̀. Bó bá ní ẹrù pọ̀ ju ìwọ̀n lọ, kí ẹ́ńjíníà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú àwọn ọmọ iṣẹ́, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń sọ ènìyàn di ọ̀gá. Bí àwa tó ń kọjá bá bá a níbi tó ti ń wọn okùn, tó ń tẹ́ pákó, tó ń pe ẹni tó ń júwe, kí á má ṣe fẹ̀sùn kàn án pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Iṣẹ́ ló ń ṣe, ibi tó sì le jù nínú iṣẹ́ náà ló wà yẹn. Alágbára pọ̀ nílẹ̀ yìí, irin sì ti fi agbára kún agbára. Ẹni tó mèrò la ṣì ń wá, òun sì ni kí á máa pè ní ọ̀gá.